Ìbọn Tí Alágbẹ̀dẹ Rẹ̀ Ti Kú: Ta Ni Onídùúró?

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú àpilẹ̀kọ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọjà lásán létí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bí ènìyàn bá ra ohun èlò kan tí ó lè gba ẹ̀mí, tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ohun èlò náà sì ti kógbá wọlé, ta ni yóò dáhùn bí ohun èlò náà bá ṣe ibi? Ṣé ẹni tí ó ṣe é ni, tí kò sí mọ́? Ṣé ẹni tí ó tà á ni, tàbí ẹni tí ó rà á? Àwọn amòfin ní ìdáhùn tiwọn, a ó sì fẹnu bà á, ṣùgbọ́n ibi tí òfin parí sí kọ́ ni ọ̀rọ̀ ìwà ń parí sí. Ohun èlò tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni ìbọn tí a ń ti ẹnu kì, èyí tí àwa Yorùbá ń pè ní ṣakabùlà.

Ibi tí ìbéèrè náà ti bá wa jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní ìlú Johannesburg, bí a bá jáde ní ibùdókọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Park Station, a kò ní í rìn jìnnà kí a tó dé ọgbà ìgbafẹ́ kan tí ó ń jẹ́ Joubert Park. Ilé Àwòrán ti Ìlú Johannesburg wà nínú ọgbà náà; Edwin Lutyens ni ó ṣètò bí wọn yóò ṣe kọ́ ọ, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 1915. Ọgbà yìí gbajúmọ̀ fún àwọn onífọ́tò tí ń ya àwọn ènìyàn lábẹ́ igi, àti fún àwọn ọkùnrin tí ń ta ayò chess tí ọmọ ayò rẹ̀ ga tó orókún ènìyàn. Ilé alájà púpọ̀ yí ọgbà náà ká, èdè tí ènìyàn sì lè gbọ́ láàárín wákàtí kan níbẹ̀ tó ohun tí onímọ̀ èdá-èdè lè fi ṣe iṣẹ́ ọdún kan. Yorùbá wà lára àwọn èdè náà.

Orúkọ ọgbà náà gan-an kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ ìbọn. Piet Joubert, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọgbà náà, ni olórí ogun ìjọba àwọn Boer ní ilẹ̀ Transvaal. Lẹ́yìn tí Leander Starr Jameson kó ọmọ ogun wọ ilẹ̀ náà ní ìparí ọdún 1895, ìjọba Transvaal ra ìbọn Mauser tí ó tó nǹkan bíi 37,000 láti ilẹ̀ Jámánì. Joubert kú ní ọdún 1900. Ìjọba tí ó ra àwọn ìbọn náà parí ní ọdún 1902. Àwọn ìbọn náà kò parí. Wọ́n ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n pín wọn fún. Níbi tí a ti rí èyí, ẹni tí ó rà ni ó kọ́kọ́ kú, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀ràn tiwa yí i padà.

Ọmọ Yorùbá kan láti agbègbè Òkè-Ògùn ti ń gbé ní ọ̀kan nínú àwọn ilé tí ó kọjú sí ọgbà náà fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún, ó sì ti gba ìwé ìgbélùú títí ayé. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀. Ní ọdún 2022, ó rí ìbọn kan lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ tà á: irú èyí tí wọ́n ń pè ní Hawken, tí ilé-iṣẹ́ Thompson/Center ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe. Kò fẹ́ fi pa ẹnikẹ́ni, kò sì fẹ́ fi ṣọ́ ilé. Ó fẹ́ máa gbé e lọ sí pápá ìtafà àwọn tí ń yin irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, kí òórùn ẹ̀tù lè máa rán an létí ilé. A kò rí ohun ẹ̀gàn nínú èyí. Ní ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà kan náà, àwọn ará Basutoland bá ìjọba Cape jagun ní ọdún 1880 sí 1881 nítorí pé ìjọba náà ní kí wọ́n kó ìbọn wọn sílẹ̀. Owó iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ wọn fi òógùn ojú ṣe ní ibi ìwakùsà dáyámọ́ńdì ní Kimberley ni wọ́n fi ra àwọn ìbọn náà. Ìbọn lè jẹ́ ohun tí ọkùnrin fi ń mọ̀ pé òun ṣe iṣẹ́ rí, tàbí pé òun ní bàbá rí.

Nígbà tí ó wá bá wa, ohun tí ó sọ ni pé, “Ẹ̀gbọ́n, owó rẹ̀ kò wọ́n. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé wọ́n ní ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ti tì. Bí nǹkan bá ṣe é, ta ni mo fẹ́ lọ bá?” A bi í pé, “Ṣé ẹni tí yóò tún un ṣe ni ò ń wá, tàbí ẹni tí yóò gba ẹ̀bi?” Ó ní òun kò mọ̀ pé méjì ni wọ́n. Àwa náà kò tíì rò ó jinlẹ̀ títí a fi sọ ọ́ jáde lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ti òfin kúrò lọ́nà. Òfin tí ó de ìbọn ní ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà ni Òfin 60 ti ọdún 2000. Lábẹ́ òfin yìí, pẹ̀lú àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i ní ọdún 2006, ìbọn tí a ń ti ẹnu kì kò nílò ìwé àṣẹ tirẹ̀ bí àwọn ìbọn yòókù ṣe nílò. Ẹni tí yóò ní in lọ́wọ́ ni ó gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí pé òun tó bẹ́ẹ̀: ó gbọ́dọ̀ tó ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, kí ó jẹ́ ọmọ onílùú tàbí ẹni tí ó ní ìwé ìgbélùú títí ayé, kí ó sì yege nínú ìdánwò. Ní Nàìjíríà, ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí a gbà. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 fi ṣakabùlà sí ìsọ̀rí tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ fún níní ìbọn náà ni ó béèrè. Òfin kan ń wo irin, èkejì ń wo ènìyàn. Àwa fara mọ́ èkejì jù, kì í ṣe nítorí pé ó rọrùn, bí kò ṣe nítorí pé ó mọ ẹni tí a lè bi léèrè ọ̀rọ̀. A kò lè bi irin.

Nísinsìnyí, ilé-iṣẹ́ tí a ń sọ. Thompson/Center bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1965 ní ìlú Rochester, ìpínlẹ̀ New Hampshire, nígbà tí Warren Center, ẹni tí ó mọ bí a ti ń ṣètò ìbọn, darapọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ Thompson tí ń rọ irinṣẹ́. Ní ọdún 1970 ni wọ́n gbé Hawken jáde, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò rí ṣakabùlà rí ní Amẹ́ríkà sì ti ipasẹ̀ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Smith & Wesson ra ilé-iṣẹ́ náà ní ọdún 2007; ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, wọ́n kéde pé àwọn fẹ́ yọwọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n pé àwọn yóò ṣì mú ìlérí tí ó wà lórí àwọn ìbọn náà ṣẹ.

Ìlérí wo? Ìlérí àtúnṣe títí ayé ni. Ẹ jẹ́ kí onímọ̀ èdè dúró díẹ̀ níbí, nítorí oko rẹ̀ nìyí. Gẹ̀ẹ́sì lè sọ gbólóhùn yìí láì sọ ẹni tí ó ni ayé náà. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá kí ó yé ọmọdé, a ó ní láti yan: ṣé títí ayé rẹ ni, ṣé títí ayé ìbọn náà ni, tàbí títí ayé wa? Bí ó bá jẹ́ ayé ẹni tí ó rà á, ọmọ rẹ̀ tí ó bá jogún ìbọn náà kò ní í rí nǹkan kan gbà. Bí ó bá jẹ́ ayé ìbọn, irin tí a tọ́jú dáadáa a máa lo ayé ènìyàn mẹ́ta, ta ni yóò sì dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Bí ó bá wá jẹ́ ayé ẹni tí ó ṣèlérí, ohun tí ó sọ kò ju pé òun yóò ràn ọ́ lọ́wọ́ títí òun yóò fi jáwọ́. Ìlérí tí a kò mọ ẹni tí ó ni ayé inú rẹ̀ kò tíì di ìlérí.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó ṣe kedere jù èyí lọ, òun ni onídùúró. Nígbà tí ẹnì kan bá yá owó, ẹlòmíràn ni ó máa ń dúró fún un, ìdúró náà sì jẹ́ ti ara: ẹni tí a mọ ilé rẹ̀, tí a mọ ojú rẹ̀, tí a lè rí ní àárọ̀ kùtù. Bí onídùúró bá kú, olówó kì í lọ jókòó sórí ibojì rẹ̀. Ó máa ń sọ fún ẹni tí ó yá owó pé kí ó lọ wá onídùúró mìíràn wá. Gbèsè ṣì wà níbẹ̀, ẹni tí ó dúró fún un nìkan ni ó yí padà. Ojú yìí ni a fi ń wo ìbọn tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti tì. Kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní í dáhùn fún. Ó jẹ́ ohun tí ó ń wá onídùúró tuntun.

Ọ̀rọ̀ náà tún lójú pọ̀ sí i ní ọdún 2024. Ẹnì kan tí ó ti ṣe olórí ilé-iṣẹ́ yìí rí ra orúkọ rẹ̀, ó sì kéde pé Thompson/Center ti padà dé. Àwọn bàbá wa mọ oríṣi ìpadàbọ̀ méjì. Babátúndé ni ìkínní: òkú ilé padà wá sí ilé kan náà, àwọn ẹbí sì gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Àkúdàáyà ni ìkejì: ẹni tí ó ti kú ní ìlú kan, tí a tún rí i ní ìlú mìíràn pẹ̀lú ojú rẹ̀, ìrìn rẹ̀, àti iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó máa ń pòórá bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ bá ti yọ sí i. Kì í ṣe ìrísí ni a fi ń ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ohun tí a fi ń yà wọ́n ni bóyá ẹni tí ó padà wá gbà pé òun jẹ gbèsè tí ẹni ìṣáájú jẹ. A kò sọ èyí láti fi dá ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́jọ́. Ìbéèrè tí oníbàárà yẹ kí ó bi ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí tí ó bá jí dìde pẹ̀lú orúkọ àtijọ́ ni: ṣé o mọ àwọn ọmọ tí o bí kí o tó kú?

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé ẹni tí ó ṣe ìbọn máa ń dáhùn níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì wà láàyè, kí ó ka ìtàn. Láti ìlú Birmingham ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìbọn tí wọ́n kó wá sí etí òkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà nígbà òwò ẹrú ti wá. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì kan, Lord Shelburne, kọ ọ́ sílẹ̀ pé èyí tí ó ju ìdajì lọ lára wọn ni yóò fọ́ mọ́ ẹni tí ó bá kọ́kọ́ yìn ín lọ́wọ́, nítorí bí wọ́n ṣe ṣe é. Ó lè jẹ́ pé ó bù mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọdún 1813 kí òfin tó dá ilé ìdánwò ìbọn sílẹ̀ ní Birmingham, níbi tí wọ́n ti ń ki ẹ̀tù tí ó pọ̀ ju ti ìlò lọ sínú ọ̀pá ìbọn láti mọ̀ bóyá yóò fọ́, kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀ sí i lára. Kí ó tó di ìgbà náà, ọwọ́ ènìyàn dúdú ni ilé ìdánwò. Àwọn tí ó ṣe ìbọn wọ̀nyẹn wà láàyè, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sùn. Ta ni ó rí wọn bá wí?

Nítorí náà, kì í ṣe pé ẹni tí ó ṣe é kú tàbí pé ó yè ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀. Jíjìnnà ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi orúkọ àwọn ará Denmark pe ṣakabùlà, nítorí pé àwọn oníṣòwò ilẹ̀ náà wà lára àwọn tí ń tà á ní etí òkun Gold Coast. Ní ọdún 1850, Denmark ta àwọn ilé odi rẹ̀ níbẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìbọn náà kò bá a lọ, nítorí pé àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti kọ́ bí a ti ń tún un ṣe, nígbà tí ó sì yá, wọ́n ń rọ ọ́ fúnra wọn. Ní àsìkò ogun Kírìjì, láti ọdún 1877 sí 1893, àwọn Èkìtìparapọ̀ rí àwọn ìbọn tuntun tí a ń ti ìdí kì gbà láti Èkó, ìró wọn ni ìtàn sì sọ pé ó fún ogun náà lórúkọ. Ìbọn wọ̀nyẹn lágbára, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà Èkó bá dí, tí ọta wọn kò wọlé, igi ìdáná ni wọ́n. Ẹni tí ó ní ṣakabùlà gbára lé alágbẹ̀dẹ ìlú rẹ̀. Agbo ilé alágbẹ̀dẹ kì í tì bí ilé-iṣẹ́ ti ń tì: bàbá a kú, ọmọ a sì di ẹwìrì mú, bí ìbọn bá sì fọ́, gbogbo àdúgbò mọ ojúlé tí a ó kàn.

Kí wá ni ohun tí ó kú gan-an nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá kú? Lójú tiwa, ìmọ̀ ni. Ìbọn Hawken kan lè dùn ún wò, ṣùgbọ́n ẹ̀tù mélòó ni ọ̀pá rẹ̀ lè gbà? Ibi tí a ń gbé fìlà kékeré tí ń mú iná wá lé, ṣé ìwọ̀n ínǹṣì ni wọ́n fi gé ojú ìdè rẹ̀, tàbí ìwọ̀n mìlímítà gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń ṣe? Bí ọta kò bá wọlé dé orí ẹ̀tù, tí àlàfo wà láàárín wọn, ọ̀pá lè bẹ́. Bí ẹni tí ó ni ín tẹ́lẹ̀ bá ti fi ẹ̀tù òde òní, irú èyí tí kì í rú èéfín, sínú rẹ̀ rí, ìlera rẹ̀ lè ti bàjẹ́ láìjẹ́ pé ojú rí i. Ilé-iṣẹ́ ni ó ní ìdáhùn sí púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí nínú ìwé tí ó máa ń fi sínú àpótí ìbọn. Ìwé náà a máa sọnù kí ìbọn tó gbó.

Ibi tí a dúró sí nìyí: ẹni tí ó lè mọ̀ ni yóò dáhùn. Ẹni tí ó ń ta ìbọn náà lè mọ ohun tí ó ti fi sínú rẹ̀ rí. Bí kò bá sọ, ẹ̀bi rẹ̀ ni, owó tí ó gbà kò sì wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹni tí ó ń rà á lè gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ nípa ìbọn kí ó tó ki ẹ̀tù sínú rẹ̀. Bí ó bá kọ̀, kò lè sọ lẹ́yìn ọ̀la pé ilé-iṣẹ́ ni ó tì. Ẹnì kan lè takò wá pé ìlà tín-ínrín wà nínú irin tí ojú alágbẹ̀dẹ pàápàá kò lè rí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí èdè wa ti ṣe é. A lè sọ pé “ìbọn yìn mọ́ ọn lọ́wọ́”, tí ìbọn di olùwà, tí ènìyàn kò sì ṣe nǹkan kan. Síbẹ̀, ọwọ́ kò kúrò nínú gbólóhùn náà. Ọdẹ tí ó bá ṣèèṣì ta ènìyàn kì í ti gbólóhùn yìí síwájú kí ó sì máa lọ sílé. Kò mọ̀ọ́mọ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó ń lọ bá ẹbí ẹni tí ó kú.

Àwọn kan tún wà tí kò rà, tí kò sì tà, tí a kì í sì í bi léèrè: àwọn tí ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìbọn náà yóò máa sùn. Nínú Ilé Àwòrán tí ó wà ní Joubert Park, ọ̀pọ̀ ìrọ̀rí onígi wà tí àwọn ará Gúúsù Áfíríkà gbẹ́ ní ayé àtijọ́, tí a kò mọ orúkọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ó gbẹ́ wọn. Kò sí ẹni tí èyí ń bà lẹ́rù, nítorí ìrọ̀rí kì í bẹ́. Ti ìbọn yàtọ̀. Òwe wa sọ pé ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun? Ohun tí òwe yìí mọ̀, tí òfin Gúúsù Áfíríkà kò kà sí, ni pé aládùúgbò kì í yẹ ẹnu ìbọn wò láti mọ̀ bóyá ti àtijọ́ ni tàbí ti òde òní. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2008, ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́ta ni ó kú nígbà tí wọ́n dìde sí àwọn àjèjì ní Johannesburg àti àwọn ibòmíràn ní orílẹ̀-èdè náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, wọ́n tún fọ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn àjèjì ní ìlú náà. Ọmọ Nàìjíríà tí ó bá gbé ohun gígùn tí a fi aṣọ wé gun àtẹ̀gùn ilé alájà méjìlá ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, àlàyé wo ni yóò ṣe nípa bàbá rẹ̀ tí ó jẹ́ ọdẹ? Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lè pé pérépéré. Àwọn ará ilé rẹ̀ ni yóò jẹ́ onídùúró fún un, bí ó bá ti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó mọ ìbọn rẹ̀.

A sọ gbogbo èyí fún un, bóyá ó pọ̀ jù fún ẹni tí ó wá béèrè ìbéèrè kan. Ó ra ìbọn náà. Kí ó tó san owó, ó mú kí ẹni tí ń tún ìbọn ṣe yẹ ọ̀pá rẹ̀ wò láti ẹnu dé ìdí, ó sì wá ẹ̀dà ìwé ìlò rẹ̀ tí ó kọ ìwọ̀n ẹ̀tù sí. Kò gbé e wá sí ilé tí ó kọjú sí ọgbà. Ó rí ibi tí ó ní ìdè tí ó dára fi pa mọ́ sí lẹ́yìn ìlú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó kù tí kò tíì rí yanjú. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ti di onídùúró ìbọn náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ kan ni ó ní, obìnrin, tí ó ti lé ní ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, tí a bí sí Johannesburg, tí ó gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí Zulu yá a lẹ́nu jù. Ó ní kí ó lọ gba ìwé ẹ̀rí, kí ìbọn náà má baà di ọmọ òrukàn lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ náà bọ̀wọ̀ fún un, ó kúnlẹ̀, ó sì ní òun kò fẹ́ ẹ.